Wọ́n Kọ Ẹ̀jẹ̀ Mi, Wọ́n Gba Ti Àna Mi

Mátírọ́ọ̀nù, ẹ má sọ pé kí n jókòó, mo ti jókòó tó lórí bẹ́ńṣì yẹn, ibẹ̀ ni mo wà tí ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fi yọrí lójú fèrèsé tó ní ẹ̀jẹ̀ mi ò ṣe é gbà. Ẹ̀jẹ̀ èmi, alágbàfọ̀ tó ń gbé garawa aṣọ tútù gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́. Ìyá ọkọ ọmọ mi tó wọlé lẹ́yìn mi, wọ́n gba tiẹ̀, wọ́n tún fún un ní bisikíìtì.

Ẹ gbọ́ mi ná. Ọmọ mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún, òun lẹ fẹ́ yọ kókó inú ilé-ọmọ rẹ̀ lọ́la, ẹ̀yin náà lẹ ní ká wá ẹ̀jẹ̀ wá. Ta ló yẹ kó fún un? Ṣé kì í ṣe èmi tí mo gbé e sínú, tí mo ti ń fún un lẹ́jẹ̀ kó tó lójú kó tó nímú?

Ìyá yẹn, Ìyá Tún-un-ṣe là ń pè é nílé, torí kò sóhun tẹ́ ẹ ṣe tí kò ní ní kẹ́ ẹ tún ṣe. Aṣọ tí èmi ká, tó jẹ́ iṣẹ́ mi, ó máa ń tú u ká. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ wá fẹ́ fà sára ọmọ mi. Tọ́mọ bá jí tó ní bí mo ṣe jókòó ò dáa ńkọ́? Ta ló máa bá mi fà á jáde?

Mo bi ọkùnrin yẹn pé kí ló ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní àwọn pupa wà níbẹ̀ tó ń ru atẹ́gùn káàkiri ara, àwọn funfun ń bá àìsàn jà, àwọn wẹ́wẹ́ kan sì ń sáré dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà tán. Ó ní àwọn funfun mi pé, àwọn wẹ́wẹ́ mi pé, àwọn pupa ni ò tó, pé wọ́n kéré, àwọ̀ wọn sì ti ṣá. Ṣá kẹ̀? Èmi tí aṣọ oníbàárà kankan ò ṣá lọ́wọ́ mi rí.

Mo ní kó gba funfun àti wẹ́wẹ́, kó fi pupa sílẹ̀ fún mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀wà tí òun máa jókòó ṣà. Ó ní ṣé mi ò kì í mí hẹlẹhẹlẹ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Mo ní mo kàn máa ń dúró wo ojú fèrèsé ni. Kí lẹ ń wò mí báyẹn sí? Ó dáa, kò sí fèrèsé níbẹ̀, ògiri ni mo ń wò. Ṣé wíwo ògiri ti di àìsàn ni?

Ó ní kí n rí dókítà, kí wọ́n wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ mi ń gbà lọ, pé tíì tí mo ń mu lé oúnjẹ náà lè wà lára ohun tó fà á, kì í jẹ́ kára rí ohun tó fi ń ṣe àwọn pupa. Ìyá Tún-un-ṣe ń jẹ bisikíìtì, ó ń mi orí. Orí yẹn ló dùn mí jù.

Ẹ da tiẹ̀ nù, ẹ gba tèmi. Bó ṣe ife kan.

Kí lẹ wí? Èyí tó bá tọmọ mi mu ti wà nínú fíríìjì? Tiwa, ẹ kàn fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ni? Iṣẹ́ abẹ ò ní yẹ̀? Háà. Ẹ sún mọ́hùn-ún, kí n jókòó.

Ti Ìyá Tún-un-ṣe ò tilẹ̀ bá tọmọ mi mu? Ta ló máa wá gbà á? Káfíńtà tó já bọ́ látorí òrùlé, tó wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin yẹn, tó ń bá gbogbo nọ́ọ̀sì jà? Wọ́n á bára wọn mu dáadáa.

Mo ti gbọ́, màá rí dókítà, màá fi tíì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ìyá yẹn o, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó máa rò pé ẹ̀jẹ̀ òun ló wà lára ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹ̀bi ọmọ náà. Ká wá wo bó ṣe máa bú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.