Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí Bàbá Mẹ́tìrì Kò Gbọ́

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fi orí ìyá mi búra. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fi orí ara mi búra, torí ìyá mi kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, kò sì yẹ kí n kó o mọ́ ọn. Òótọ́ ni, àfi ibì kan báyìí tí mo tún ṣe díẹ̀. Ibẹ̀ kò tóbi. Ẹ ṣáà máa gbọ́ ọ bí mo ṣe ń sọ ọ́, tí a bá sọ̀rọ̀ tán, n óò fi ibẹ̀ hàn yín.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, alùpùpù Ràímì ṣì wà ní títì pa nínú àgbàlá olórí àdúgbò ní Pobè. Zémìjàn ni Ràímì, èrò ló ń fi alùpùpù náà gbé kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹun. Wọ́n ní ó kọlu àgbàlagbà láìtẹ fèrè. Ràímì ní òun tẹ fèrè. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Kí ló wá dé tí mi ò lanu sọ̀rọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ti fi iléèwé sílẹ̀ láti kíláàsì kejì ní kọlẹ́ẹ̀jì. Kì í ṣe pé orí mi kò pé o, eré ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Mo fi fóònù kan pamọ́ sínú àjà kíláàsì, mo sì ń mú kó kọ bí àkùkọ ní gbogbo ìgbà tí olùkọ́ bá ti kọjú sí pátákó. Ọkùnrin náà wá àkùkọ yẹn títí, ó ń wo abẹ́ tábìlì, ó ń wo ojú fèrèsé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí, ẹ̀rín ṣì ń pa mí. Wọ́n lé mi. Bàbá mi wá mú mi lọ sí Sakété, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò àti ẹ̀rọ orin ṣe, kí n máa kọ́ṣẹ́. Pátírọ̀ọ̀n ni a ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo ọ̀gá lọ́dọ̀ wa. Níbẹ̀ náà mi ò jáwọ́. Ràímì yìí gan-an, mo máa ń yí ohùn mi padà bí obìnrin lórí fóònù, n óò ní kó wá gbé mi lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú. Ó máa ń wá, kó tó wá mọ̀ pé èmi ni.

Lọ́dún yìí ni Bàbá Mẹ́tìrì ránṣẹ́ pe Pátírọ̀ọ̀n láti Pobè. Olùkọ́ iléèwé ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, mẹ́tìrì ni à ń pe olùkọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní àdúgbò rẹ̀ tí kò ti na ẹnì kan rí. Kì í mu ọtí, kì í sì í parọ́. Bó bá ní òjò rọ̀ lánàá, ẹni tí òjò ò pa gan-an á gbà pé ó rọ̀. Ó ní báàfù méjì nínú sàlọ́ọ̀n tó ti ń gba àlejò nílé rẹ̀, ìyẹn àpótí tí ohùn ẹ̀rọ orin ń gbà jáde. Ìgbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́ ló rà wọ́n ní Kútọnu. Pákó gidi ni wọ́n, wọ́n ga dé ìbàdí mi, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fẹlísì, ti ń to ìkòkò òdòdó lé wọn lórí.

A kó wọn wá sí Sakété. Nínú báàfù kọ̀ọ̀kan, ẹnu méjì ló wà. Ńlá ló ń gbé ohùn tó ki jáde, ìyá ni à ń pè é. Kékeré ló ń gbé ohùn tó tínrín, òun ni ọmọ. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí bébà tó ń gbọ̀n lójú ìyá ká ti jẹrà, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló di ẹ̀tù lọ́wọ́ mi. Ikán sì ti jẹ ìdí àpótí kan. Mo ní kí á gé rọ́bà inú táyà alùpùpù sí i, Pátírọ̀ọ̀n ní tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ gun báàfù lọ sí oko ni kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, wọ́n bá wa wá rọ́bà tó yẹ ẹ́. Ibi tó le níbẹ̀ ni pé wáyà tó wé mọ́ ìdí bébà gbọ́dọ̀ dúró sáàárín irin òòfà, kò gbọdọ̀ fara kan ẹ̀gbẹ́ kankan títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Fọ́tò eegun àyà tí wọ́n yà fún ìyá Pátírọ̀ọ̀n ní ọsibítù la gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kì bọ àlàfo náà yí ká. Nígbà tó gbẹ tí a fà á yọ, bébà ń lọ ó ń bọ̀, kò ha rárá. Mo fi ìyẹ̀fun pákó àti gọ́ọ̀mù dí ibi tí ikán jẹ, mo fi bébà oníyanrìn ra á títí ó fi jọ̀lọ̀, mo kùn ún. Èmi tí mi ò parí iṣẹ́ kan rí! Mi ò sì ṣe àwàdà kankan sí i.

A kó wọn padà lọ sí Pobè. Bàbá Mẹ́tìrì mú àwo orin kan jáde, ó nù ún, orin bẹ̀rẹ̀. Ó dún débi pé inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá tẹ́tí, ó tẹ orí wálẹ̀, ó tún tẹ́tí.

Ó ní, “Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dà?”

Pátírọ̀ọ̀n ní, “Ó ń dún, Bàbá.”

“Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nínú orin yìí. Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ. Níbo lẹ gbé e sí?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà ń dún létí mi ṣáṣá. Ṣùgbọ́n Bàbá ní a ti yọ ọmọ tó bá báàfù òun wá, pé a ti tà á, a sì fi ayédèrú rọ́pò. Ó ní bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ òun kò bá padà, gbogbo Sakété ni yóò gbọ́ pé olè ni Pátírọ̀ọ̀n. Ta ni yóò sì jiyàn pẹ̀lú Bàbá Mẹ́tìrì? Bẹ́ẹ̀ orúkọ rere nìkan ni Pátírọ̀ọ̀n ní tó ń fi jẹun.

A tún kó wọn padà sí Sakété, a tú wọn, a ò rí nǹkan kan. Mo ní bóyá etí Bàbá ni. Pátírọ̀ọ̀n ní kí n panu mọ́, pé ta ni yóò sọ fún ẹni tó kọ́ ìlàjì ìlú níwèé pé kò gbọ́ràn mọ́? Mo wá ní kó jẹ́ kí n ṣeré díẹ̀. Mo tú wáyà ọmọ méjèèjì kúrò pátápátá, wọn ò lè dún mọ́. Èmi nìkan ni mo bá wọn lọ sí Pobè. Orin bẹ̀rẹ̀, kò sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Bàbá ní bó ṣe rí níjọ́sí náà ló ṣì rí. Ìyá Fẹlísì yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní tòní burú, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ dì í lẹ́nu. Bàbá ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀.

Mo ti mọ̀ nìyẹn pé etí Bàbá ni. Mo ní kí Bàbá fún mi láyè. Mo so àwọn ọmọ padà, mo yọ nǹkan kékeré tó ń dín agbára wọn kù, mo sì yí bọ́tìnì ohùn tínrín lára ẹ̀rọ títí ó fi dé òpin. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wá ń dún bí ẹni ń da òkúta sórí páànù. Ìyá Fẹlísì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, “O ò rí i? Ó wà níbẹ̀.” Ó ní kí n bá òun kí Pátírọ̀ọ̀n, pé olóòótọ́ ni. Kò fura rárá. Mo ń rẹ́rìn-ín láti Pobè títí mo fi dé Sakété.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí oko rẹ̀ ní ọ̀nà Issaba. Ràímì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ fèrè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ fèrè àwọn alùpùpù yẹn, tín-ín-rín ni. Bí Ràímì ṣe fẹ́ kọjá ni Bàbá yà sí ọ̀nà oko. Eegun èjìká Bàbá ṣẹ́. Bàbá ní Ràímì kò tẹ fèrè, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, torí Bàbá kì í parọ́. Ràímì ń ru sìmẹ́ńtì fún àwọn bíríkìlà báyìí. Mo lọ bá a pé mo mọ̀ pé ó tẹ fèrè. Ó wò mí, ó ní, “Itẹ́ òkú wo ló kù?” Ó gbé sìmẹ́ńtì rẹ̀ lọ.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀tàn tí mo ṣe lórúkọ Pátírọ̀ọ̀n yóò hàn síta, n óò sì dójú ti Bàbá lójú gbogbo ìlú. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, Ràímì ò ní alùpùpù, Bàbá á sì tún gun tiẹ̀ bí èjìká rẹ̀ bá san. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, àgbà ni yín.

Ó ku ibi tí mo ní n óò fi hàn yín. Mo ní Bàbá kò fura. Irọ́ ni. Lọ́jọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn, ó sìn mí dé ìta, ó wẹ̀yìn wò bóyá ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, “Mo mọ̀ pé aláwàdà ni ọ́. Má bá mi ṣàwàdà. Ṣé etí mi ni?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá. Báàfù ni.”

Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò rẹ́rìn-ín kankan lọ́nà Sakété lọ́jọ́ náà. Nígbà tí olórí àdúgbò wá bi í léèrè bóyá kò gbọ́ fèrè Ràímì ni, ó ní òun ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ nípa ohùn, pé kò sí nǹkan tó ṣe etí òun. Gbogbo Pobè gba Bàbá gbọ́. Èmi ni Bàbá gbà gbọ́.