Ìwé Tí N Kò Kà sí Wúràọlá Létí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má gbé orin fún mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun ijó, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ju áńkáṣíìfù sókè nítorí mi. Bàbá Olùṣọ́ ló yọ̀ǹda ìṣẹ́jú díẹ̀ fún mi láti jẹ́rìí. Wọ́n rò pé mo fẹ́ dúpẹ́ pé ara mi yá ni. Màá sọ ohun tí ojú mi rí, màá sì lọ jókòó.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi. Lọ́yà ni mí, ọ̀rọ̀ àárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ni mo sì ń bá kiri láti ìgbà tí mo ti ń dé wíìgì. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ sùn, èmi ni ilé-iṣẹ́ máa ń pè pé kí n wá wádìí. Màá pe ẹni tó fẹjọ́ sùn, màá pe àwọn ẹlẹ́rìí, màá kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá kọ àbájáde ìwádìí fún àwọn tó pè mí. Ilé-iṣẹ́ ló ń pè mí, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin náà máa ń pè mí. Ó pọ̀ nínú yín tó ti fà mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ní kí n bá yín wá ọ̀nà tí ẹ ó fi lé olùkọ́ tó lóyún kúrò nílé-ìwé yín láìsí wàhálà. Mo bá yín wá a. Ẹ má wolẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibi tí mo lọ ni ti Wúràọlá. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti àwọn obìnrin mìíràn ni wọ́n ń di bisikíìtì sínú páálí. Kí wọ́n má baà mú ọ̀kan jáde, ọ̀gá wọn a máa ti ilẹ̀kùn yàrá náà mọ́ wọn láti òwúrọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí, kọ́kọ́rọ́ á sì wà nínú àpò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èéfín ya láti ibi tí wọ́n ti ń yan bisikíìtì wọnú yàrá yẹn. Wọ́n gbá ilẹ̀kùn títí. Ọ̀gá ti jáde lọ síbi àdúrà ọ̀sán. Kí wọ́n tó rí ẹni bá wọn já ilẹ̀kùn, Wúràọlá ti dákú, oyún oṣù márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó fẹjọ́ sùn. Ọ̀gá ní irọ́ ni, pé ilẹ̀kùn yẹn ò tì rí. Bí èmi náà bá kọ ọ́ pé irọ́ ni, wọ́n á lé Wúràọlá, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan ládùúgbò yẹn tó tún máa gbà á.

Wúràọlá ò mọ̀wé. Yorùbá ló ń sọ, mo ń kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Mà, mi ò rí ọwọ́ tó tì í, torí ẹ̀yìn la kọ sílẹ̀kùn, àmọ́ mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́, mo sì fi èjìká mi gbá a nígbà tí èéfín dé, ó tì gbọin-gbọin." Mo kọ ọ́ pé kò rí ẹnikẹ́ni kó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo kọ, ẹ̀yin ará. Mo kàn gé ọ̀rọ̀ náà níbi tó ti rọrùn fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi. Òfin sọ pé bí ẹni tí kò mọ̀wé bá fẹ́ tẹ̀ka sí ìwé, kí ẹni tó kọ ọ́ kà á sí i létí lédè tó gbọ́, kó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀: mo ti kà á sí i létí, ó sì yé e dáadáa. Mi ò kà á. Ebi ń pa mí, mo fẹ́ máa lọ. Mo ní, "Ohun tó o sọ náà ni mo kọ. Tẹ̀ ẹ́ níbí." Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbààwẹ̀. Mo ti tẹ àbájáde ìwádìí náà tán, ó ku kí n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn àdúrà agogo méjìlá ọ̀sán, mo ní kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní àdúrà. Bí mo ṣe pa ojú dé báyìí, ẹnìkan pe orúkọ mi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, kò fi Lọ́yà sí i.

Ọkùnrin kan ló dúró lókè orí mi. Aṣọ funfun ló wọ̀, ojú rẹ̀ sì le bí ojú akọ̀wé kóòtù tó ti gbó sẹ́nu iṣẹ́, tí kò bẹ̀rù lọ́yà kankan mọ́. Kò kí mi. Ó ní, "Dìde." Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní, "Níbi tí à ń lọ, ìwọ kọ́ lo máa bi ìbéèrè." Mo dìde, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ara mi lórí ẹní, ẹnu mi là sílẹ̀.

Pápá kan la kọ́kọ́ dé, tí koríko ò sí níbẹ̀. Èrò dúró lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n kọjú sí iná, kò sì sí ìpéǹpéjú lójú ẹyọ ẹnìkan nínú wọn. Wọn ò lè pa ojú dé. Ọkùnrin náà ní, "Àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan nìyí." Obìnrin kan ké sí mi láàárín wọn. Mo mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé ni, ó jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ìwádìí kan tí mo ṣe. Ó ní, "Mà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ pé mi ò sí ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà." Mo yí ojú mi kúrò kíá. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Ìwọ ṣì ní ìpéǹpéjú. Máa lò ó."

A lọ díẹ̀ sí i, mo gbọ́ òórùn ẹran tó ń jó. Àwọn ọ̀gá tó máa ń ní kí ọmọbìnrin tó ń wáṣẹ́ wá pàdé àwọn ní hòtẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀, àwọn tó níyàwó nílé. Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ tí wọ́n fi ń tan àwọn ọmọ náà ti lẹ̀ mọ́ wọn lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó ń jó, kò jó tán, bí wọ́n bá sì fà á, awọ ara ló ń bá a wá. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa níbí rí. Ẹ ò ní bi mí pé ta ni. A sin ín tijó tayọ̀, a ní ó ti lọ sinmi. Kò sinmi o.

Lẹ́yìn náà la dé ilé gígùn kan tí wọ́n fi irin ṣe, tí ọwọ́ ń gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ látinú, mo sì ní mi ò wọlé, ọkùnrin náà tì mí, mo bá ara mi nínú èéfín, mi ò rí ọwọ́ mi, àwọn èèyàn ń gun ara wọn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn olúkúlùkù wọn, wọ́n ń fi wá ojú ihò ilẹ̀kùn, ihò ò sí, wọ́n ń pariwo orúkọ àwọn tí wọ́n ti mọ́lé rí pé kí wọ́n wá ṣí i fáwọn, ọ̀kan di aṣọ mi mú, ó ń pè mí ní Lọ́yà, Lọ́yà, kọ ọ́ síwèé pé kò tì, àyà mi ti fẹ́ bẹ́, mo fi èjìká gbá ilẹ̀kùn náà, mo tún gbá a, ó tì gbọin-gbọin. Ọkùnrin náà ló fà mí jáde. Ó ní, "O gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, o ò kọ ọ́. Mo ní kí o wá fara rẹ gbá a wò."

Mo rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Ó mú mi wọ gbọ̀ngàn kan tí tábìlì gígùn wà, àwọn tó jókòó tì í sì dé wíìgì. Ẹ̀yin ará, àwọn èèyàn mi ni. Agbẹjọ́rò tó kọ́ mi níṣẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbé ìwé kalẹ̀ síwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èdè tó wà nínú rẹ̀ ò yé ẹnikẹ́ni nínú wọn, wọ́n sì ń fipá mú àtàǹpàkò wọn tẹ orí irin pupa kí wọ́n tó fi tẹ ìwé náà. Gbogbo ohun tó bá wà nínú ìwé náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Bí ọ̀gá mi bá bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà níbẹ̀?", ohùn kan á dá a lóhùn pé, "A ti kà á sí ọ létí, ó sì yé ọ dáadáa." Ẹkún tó sun, mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé sì ti wà níwájú àga náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní gbólóhùn tí mo kọ kì í ṣe irọ́, mo ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Ọkùnrin náà ní, "Gbogbo àwọn tó wà níbí ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wá mú mi dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́, àwọn èèyàn na ẹsẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n pé kí wọ́n dìde. Bàbá Làmídì ni mo kọ́kọ́ rí. Òun ló ń tọ́jú sítọ́ò ní ilé-iṣẹ́ kan, ó jẹ́rìí òtítọ́ ta ko ọ̀gá rẹ̀ ní kóòtù, mo sì fi ìbéèrè ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú àgbàlagbà. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ara yín níwájú níbẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, Mùsùlùmí ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí i, mi ò rí alàgbà wa kankan nítòsí rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dá mi padà sí ibi yẹn."

Ó ní, "Ìwé obìnrin yẹn, ṣé o ti kà á fún un?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ó ní, "Kí lo wá wá síbí?" Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ọkùnrin náà sì fi ọwọ́ tì mí láyà. Mo jí.

Òòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Mi ò ṣínu ààwẹ̀. Mo mú ìwé náà, mo wakọ̀ lọ sílé Wúràọlá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni mo bá. Mo ní mo fẹ́ ka ohun tó tẹ̀ka sí fún un. Nígbà tí mo kà á débi ilẹ̀kùn, ó dá mi dúró.

"Mà, kọ́kọ́rọ́ tí mo ní mo gbọ́ ńkọ́? Èjìká tí mo fi gbá a ńkọ́? Ṣé ẹ gbàgbé ni?"

Irọ́ yẹn ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Mi ò gbàgbé. Mo yọ ọ́ ni."

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó ní kí n jáde nílé òun. Wúràọlá ní kó jẹ́ kí n jókòó, kí n kọ ọ́ padà. Mo kọ ọ́ lédè Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n kà á sóun létí, ó sì ní kí èmi kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kó tó tẹ̀ ẹ́. Kò dárí jì mí, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ níṣojú yín tàbí lẹ́yìn yín.

Ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ náà yóò jókòó lọ́la. Ìwé tó pé ti dé ọwọ́ wọn, pẹ̀lú lẹ́tà tí mo fi jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sáwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ lọ́yà. Wọ́n lè gba wíìgì mi, kí wọ́n gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀yin tí ẹ rí i tí ẹ ní ẹ ò rí i, ibi tí mo dé kò jìnnà rárá. Ọ̀gá tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò lọ́jọ́ yẹn, ìjọ yìí ló wá fún àdúrà ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ mi ló kúnlẹ̀ sí, èmi àti ẹ̀ jọ ṣe àmín nígbà tí Wúràọlá ń gbá ilẹ̀kùn lọ́wọ́. Ó ń gbọ́ mi báyìí. Alàgbà, mi ò dárúkọ yín. Lọ́la ni màá dárúkọ yín, níwájú ìgbìmọ̀, bí ẹ ò bá fẹnu ara yín sọ ọ́ kó tó kàn mí. Òní nìkan ló kù fún yín, ẹ má wulẹ̀ wá sílé mi lẹ́yìn ìsìn. Ẹ wá lọ́yà mìíràn.