Ìyàwó Ọkùnrin Inú Ìwé

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá, tọkọtaya kan tó wọ sùtánà funfun jókòó kọjú sí mi nínú rélùwéè tó kúrò ní Barking Riverside. Ọkọ gbé ìwé ńlá kan lé itan, ìyàwó ò sì gbé ohùn rẹ̀ sókè rárá.

“Ó ti sú mi, Dádì. Ẹ ní kí wòlíì gbàdúrà ìdágbére fún yín, pé ẹ fẹ́ lọ sílé lọ du alága káńsù. Èmi tí mo lọ sùtánà yín láàárọ̀ yìí, àárín ìjọ ni mo ti gbọ́.”

“Ohun tí ọkùnrin inú ìwé yìí náà ṣe nìyẹn. Ìjòyè ni nílẹ̀ Sípéènì láyé àtijọ́, ológun sì ni. Wọ́n lé e nílùú, ó sá wá sí London níbí. Nígbà tó padà, ó di mínísítà.”

“Òun ní ilẹ̀, ó ní ọmọ ogun. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń dúró dè yín? Ilé tẹ́ ẹ ń kọ́ ò tíì lórùlé.”

“O ò mọ ìtàn ni.”

“Ó dáa. Ṣé ó níyàwó?”

“Ó níyàwó.”

“Ẹ ka ibi tí ìyàwó náà wà fún mi.”

Ó ń ṣí ìwé, ó ń ṣí i, títí a fi fẹ́ẹ̀ dé Barking. Ó wá fìka sí ibì kan, ó kà á jẹ́jẹ́: “Ìyàwó rẹ̀ dúró sí London.”

“Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?”

“Ó parí síbẹ̀.”

Obìnrin náà gba ìwé, ó pa á dé, ó dìde.

“Ẹ padà lọ bá wòlíì. Ẹ sọ fún un pé èmi ò ní dúró sí London.”