Olè Abẹ́ Ewé Efinrin

Nínú bọ́lẹkájà tó ń ná Ìfọ̀ láyé àtijọ́, obìnrin kan ń pariwo sétí ìyá àgbà tó jókòó tì í:

"Ìyá, mo ti mú olè tó ń jẹ efinrin mi! Mo yí ewé padà, àfi kòkòrò! Àwọ̀ wọn ò yàtọ̀ sí ti ewé!"

"Ṣà wọ́n dànù, kí o ku eérú sí i láàárọ̀ kí ìrì tó gbẹ, kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ta lo ti ń fura sí?"

"Ewúrẹ́ ìyálé mi. Èmi àti ìyálé mi jà, ó sì ti so ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀."

"Ewúrẹ́ tó ń dá ewé lu jálajàla? Ewúrẹ́ ì bá jẹ ẹ́ tigi-tewé!"

Ni obìnrin náà bá kígbe: "Dẹ́rẹ́bà, ẹ dúró o! Mo fẹ́ lọ tú ewúrẹ́ sílẹ̀!"