Mo Ní Kí Màmá Fi Oògùn Sílẹ̀ Nínú Ààwẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ń bà mí. Láràárọ̀ ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ìyá tó gbà mí sílé ní Madina, ní Accra níbí. Apá ọ̀tún wọn ò gbé mọ́, ẹnu wọn sì wọ́. Mò ń gbàdúrà kí ohùn wọn padà. Kí n má parọ́ fún yín, mo tún ń gbàdúrà kó má tíì padà. Irú èèyàn wo wá ni mí?

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Màmá Alhaja, ọ̀rẹ́ ìyá mi láti kékeré, ló ní kí n má wulẹ̀ háyà yàrá, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ àti àǹkárá lọ́jà Madina. Rámátù ọmọ wọn, tí wọ́n bí síbí, jẹ́ ẹgbẹ́ mi, a sì ń ṣe bí ọmọ ìyá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yunifọ́ọ̀mù funfun, Màmá pariwo pé, "Dókítà mi rè é o!" Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè mí ní dókítà nìyẹn. Ó yẹ kí n sọ pé ọdún kìíní ni mo wà, pé bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn la ṣì ń kọ́. Mi ò sọ ọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi jù.

Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ku ọ̀la, Màmá mú ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wá. Wọ́n ní, "Dókítà, àárọ̀ àti ọ̀sán ni wọ́n ní kí n máa lò ó. Ààwẹ̀ wá dé yìí. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ títí di ọdún Ìtúnu?" Mi ò mọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò mọ̀! Ṣùgbọ́n àlejò méjì láti ọjà jókòó tì wá, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Ààwẹ̀ gan-an á mú ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀." Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì ki ike náà sábẹ́ aṣọ nínú àpótí.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí kẹ́tù bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn náà sì ṣubú. Ní ọsibítù, dókítà gidi béèrè bóyá wọ́n ti dá oògùn dúró. Rámátù ò jẹ́ kí n lanu. "Daabi! Rárá o! Nọ́ọ̀sì wà nílé wa, òun ló ń mójú tó o." Ó yíjú sí mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Dókítà wá rò pé oògùn àtijọ́ ò ràn wọ́n mọ́, ló bá kọ èyí tó le jù ú lọ.

Bí Rámátù bá ti ọjà dé báyìí, á ní, "Medaase paa, ọmọ ìyá mi, o ṣeun." Màá yára gbé abọ́ lọ fọ̀. Ohùn Màmá ti ń padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé "omi", lẹ́yìn náà "Rámátù". Bí wọ́n bá ti yọ ọ̀rọ̀ tuntun báyìí, mo máa ń rò pé "oògùn" ló kàn.

Láàárọ̀ yìí, Rámátù ti lọ sọ́jà. Mo gbé oògùn tuntun náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Màmá wò ó, wọ́n wò mí pẹ́, ètè wọn sì ń gbọ̀n. Mo sọ lọ́kàn mi pé àṣírí mi tú lónìí.

"Dókítà… ṣé kí n lò ó?"

Ẹ wò ó, èmi náà ni wọ́n ṣì ń bi! Mo ní kí wọ́n lò ó, mo sì sá lọ sunkún ní balùwẹ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, Rámátù ni àbí dókítà? Wọ́n lè lé mi nílé, wọ́n lè lé mi níléèwé. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, ǹjẹ́ oògùn tuntun yìí ò ní pa wọ́n? Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi oyè tí ẹ ò tíì jẹ pè, ẹ tètè sọ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Oògùn ọ̀sán ń bọ̀, Màmá á sì tún bi mí.