Omi Tí Mo Ní Kí Ẹ Máa Sè

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n kà á tán kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí nítorí pé n kò fọkàn tán ẹnu mi mọ́. Bàbá Káfíńtà tó jókòó lápá ọ̀tún mi yìí ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé bí mo bá fo ìlà kan, kí wọ́n dá mi dúró, kí wọ́n ka ibi tí mo fò. Ohun tí mo fẹ́ sọ rèé: láti ọdún méjì tí a ti ń wo fíìmù omi nínú gbọ̀ngàn yìí, irọ́ ni mo ń pa fún yín. Májèlé wà nínú omi kànga wa. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi náà ni mo ní kí ẹ máa sè é, kí ẹ máa mu ún.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò lè má mọ̀ mí. Ilé àlejò tó wà lẹ́bàá títì ni mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. N kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta. Èdè tí wọ́n fi ṣe fíìmù yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé. Etí ni mo fi kọ́ ọ, lẹ́nu àwọn oníṣòwò pákó tí wọ́n ń ti ìlú wọn wá sùn lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń bèèrè ọṣẹ àti aṣọ ìnura. Nígbà tí obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Fíìmù gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, kò gbọ́ èdè wa, ẹ̀yin náà kò gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n wá mi wá láti ìdí ọpọ́n ìfọṣọ, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń pè mí ní Ẹnu-Wa. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi, n kò ní sẹ́. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni kì í bi ní nǹkan kan ju “ṣé aṣọ ti gbẹ” lọ, òun ló wá di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń dákẹ́ gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni fíìmù àkọ́kọ́. Ẹ rántí pé ẹ fi aṣọ dí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé, tí ooru fẹ́ẹ̀ pa wá. Ẹ rí ọkùnrin kan nínú fíìmù tó ń fi òòlù fọ́ àpótí dúdú kéékèèké, tó ń fọ ohun tó wà nínú wọn, tó ń da omi rẹ̀ sílẹ̀, tó wá ń yọ́ nǹkan lórí iná. Ohun tí ohùn inú fíìmù ń sọ nìyí, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké: “Níbi tí wọ́n bá ti ń fọ́ bátìrì mọ́tò, òjé inú rẹ̀ máa ń wọ ilẹ̀, láti ibẹ̀ á wọ kànga. Ojú kì í rí i, ẹnu kì í mọ̀ ọ́n. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹ má rò pé ẹ lè sè é kúrò. Omi ló ń gbẹ lórí iná, òjé kì í gbẹ.” Ohun tí mo sọ fún yín sì nìyí: “Fáktìrì ńlá kan nílùú wọn ló da ìdọ̀tí sínú odò. Kòkòrò wọ omi wọn. Wọ́n ní kí a máa se omi wa dáadáa kí a tó mu ún.” Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ mọ Olójé tó ń fọ́ bátìrì lókè kànga wa. Ọmọ ìyá mi ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Nígbà tí mo rí ọkùnrin inú fíìmù yẹn, àbúrò mi ni mo rí. Mo wo gbogbo yín nínú òkùnkùn yẹn, mo ní bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá gbọ́ èyí, wọn yóò gun òkè yẹn lọ kó tó dìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ fáktìrì kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Rárá, mo ti fẹ́ parọ́ níbẹ̀ yẹn. Kò bọ́. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó wá bá mi nídìí okùn tí mo ń sá aṣọ sí.

“Àǹtí mi, mo jókòó lẹ́yìn lánàá. Mo rí bàbá yẹn àti òòlù rẹ̀. Kí ni wọ́n ń sọ gan-an?”

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ń fi ìka họ ẹ̀kán òjé tó gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tó yá ó rẹ́rìn-ín.

“Fáktìrì ńlá. Ẹ wá sọ èmi di olówó òjijì.”

“Kó kúrò níbẹ̀,” mo ní. “N kò bá ọ ṣeré.”

“Màá kó. Ẹ jẹ́ kí òjò yìí kọjá ná. Àti pé ẹ ò ṣáà parọ́ kan dàbí alárà. Sísè ò pa ẹnikẹ́ni rí.”

Òjò yẹn kọjá. Òmíràn rọ̀ tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ìgbà náà, ilé àlejò ni mo ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì wálé lójoojúmọ́, nítorí ẹ̀rọ omi tiwọn jìnnà sí òkè yẹn, ibòmíràn ni omi rẹ̀ ti ń wá. N kò fi ẹnu kan omi kànga wa mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́, ẹ wo kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn. Bàbá Káfíńtà rí mi níjọ́ kan.

“Ẹnu-Wa, omi wa ò dùn mọ́ ẹ lẹ́nu ni?”

“Inú ló ń run mí, Bàbá. Wọ́n ní kí n máa mu ti ẹ̀rọ.”

“Bí inú bá ń run ìwọ tó gbọ́ èdè méjì, kí ni ká wá sọ ti àwa tó jẹ́ ẹyọ kan la gbọ́?”

Gbogbo àwọn tó wà nídìí kànga rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ọ̀gá Fíìmù padà wá, tí fíìmù parí, tó ní kí ẹ bi òun ní ohunkóhun, Bàbá yìí kan náà ló dìde. Wọ́n ní, “Bá mi bi í. Àpótí dúdú tí wọ́n ń fọ́ yẹn, ṣé kì í ṣe bátìrì? Ó jọ ohun tí Olójé ń fọ́ lókè yìí.” Mo yíjú sí Ọ̀gá Fíìmù, mo ní bàbá ń bèèrè ìgbà tí yóò tún wá. Ó rẹ́rìn-ín sí Bàbá, ó na ìka mẹ́ta sókè, ó ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo yíjú padà, mo ní, “Ó ní rárá o. Àpótí irin ni, ti fáktìrì.”

Bàbá ò jókòó. “Kí ló wá ń fi ìka mẹ́ta ṣe?”

“Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti bi òun ní ìbéèrè yẹn níbòmíràn.”

Wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n ojú wọn ò kúrò lára mi. Bàbá, ojú yín ò tàn yín jẹ. Orí yín pé. Èmi ni mo sọ yín di arúgbó tí kò mọ ohun tó ń rí.

Ẹni tó gbà mí gbọ́ jù lọ ni Télọ̀, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ gbọ̀ngàn yìí. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gbé. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún mẹ́rin tó ti lè ka bọ́tìnnì láti ọ̀kan dé ogún láì ṣì í. Télọ̀ kì í fún un ní omi tí kò sè. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe inú rírun, tó ń rù, Télọ̀ wá bá mi. “Ma, ṣé kí n sè é lẹ́ẹ̀kan sí i?” Mo ní kó sè é. Nígbà tí ọmọ ń ka bọ́tìnnì dé mẹ́jọ tó wá ń dúró, tó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù, ó tún wá. Mo ní kó má ṣèyọnu, gbogbo ọmọdé ló máa ń gbàgbé nǹkan. Àgbà ni mí, mo fi ẹnu àgbà sọ ọ́.

Mo ti dé ibi tí n kò fẹ́ kà. Télọ̀ gbé ọmọ lọ sí kílíníìkì. Dókítà tó wà níbẹ̀ lóṣù yẹn, ará ìlú Ọ̀gá Fíìmù ni, kò gbọ́ èdè wa. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ta ni wọn ì bá pè bí kò ṣe Ẹnu-Wa? Dókítà gbé ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ síwájú wa, ó ní òjé ti pọ̀ jù lára ọmọ yìí. Ó ní kí n bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń fọ́ bátìrì nítòsí wọn. N kò bi í. Mo ní, “Kò sí, dókítà.” Télọ̀ fà mí láṣọ. “Kí ni wọ́n sọ, ma?” Mo ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ló kéré díẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé kí n máa se omi yẹn lọ? Mo ń sè é báyìí títí á fi ku ìdajì, kó lè dá mi lójú.”

Ìyẹn nìkan ni mo bi dókítà bó ṣe rí. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Rárá, rárá. Sọ fún un kó dẹ́kun. Bó ṣe ń sè é ni òjé ń ki sí i. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kó o fún ọmọ.” Télọ̀ ń wo ẹnu mi. Àbúrò mi ti sọ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn pé òun ti rí ilẹ̀ síbòmíràn, ó ku oṣù kan péré. Oṣù kan ni mo rò. Mo yíjú sí Télọ̀, mo ní, “Ó ní o ṣeun. Ó ní kó o máa sè é lọ bẹ́ẹ̀.” Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní Ọlọ́run á san án fún mi.

Dókítà kọ lẹ́tà pé kí a gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ńlá kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Mo gba lẹ́tà náà, mo ní orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo sì bá a ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Abẹ́ aṣọ nínú àpótí mi ni mo fi lẹ́tà sí. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún sí i, gìrì gbé ọmọ náà láàárọ̀, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ igbe, mo mú lẹ́tà yẹn, mo sáré, a jọ wọ mọ́tò. Dókítà ọsibítù gbọ́ èdè wa ní tirẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà, ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó bi Télọ̀ pé, “Ìyá, wọ́n ti fún yín ní èyí láti bí ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Kí lẹ ń dúró dè?” Èmi ni Télọ̀ yíjú sí.

Orí bẹ́ńṣì níbẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán láì pariwo. Ó ní, “Ìgbà mélòó ni mo wá bi yín?” Mo ní mẹ́ta. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ká mi lọ́wọ́ kò. “Ẹ má bẹ̀ mí báyìí. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó kù. Ọmọ tiwọn ṣì wà nílé.”

Ọmọ náà wà láàyè. Ó mọ ìyá rẹ̀. Kò lè kà kọjá mẹ́ta, wọ́n sì ní àwọn kò lè ṣèlérí pé ohun tó lọ yóò padà.

Mo sọ fún àbúrò mi pé màá ka èyí lónìí. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ ti pa mí.” Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ẹ̀ pa nítorí rẹ̀. Ó ti kó òòlù rẹ̀, ó ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta ṣì wà lókè yẹn. Omi tí ẹ mu ni wọ́n mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn òbí yín kò gbọ́, lédè ni o, nínú ìwé ni o, bí ohun tí wọ́n ní kí ẹ sọ bá le, ẹ sọ ọ́ bó ṣe le. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ dìde kúrò lórí àga yẹn, kí ẹlòmíràn jókòó. N kò dìde ní tèmi.

Nọ́ọ̀sì kan láti ọsibítù, tó gbọ́ èdè náà, ni yóò túmọ̀ fíìmù fún yín lónìí, yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yín fún àyẹ̀wò. Ilé àlejò ti ní kí ẹ wá máa pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ àwọn. Ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ sílé. Ìkòkò wà lórí iná nínú ilé tó pọ̀ nínú yín, mo mọ̀, nítorí èmi ni mo kọ́ yín. Ẹ dà á nù, kí ọmọ kan tó bù ú mu. Fíìmù á dúró dè yín. Èmi náà á dúró. Bí ẹ bá padà dé, mo wà lórí àga iwájú yìí, ẹ fi mí ṣe bí ó bá ti tọ́ lójú yín. Bí ìdáríjì bá wà níbẹ̀, mo bẹ̀ yín fún un. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ ná.