Ohun Tí Ó Ń Tẹ̀ Lé Ọkọ̀ Rájí Lábẹ́ Omi

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ jẹ́rìí sí yìí ṣẹlẹ̀. Ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá. Ọpẹ́ fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹ pé jọ torí òkú mi, tí ó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n pè mí síwájú ìjọ, ẹkún kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn kan wá ń sọ kiri Ìkòsì pé mo bá mámíwọ́tà jà. Ẹ jọ̀wọ́, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Kétu ni mo ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà ní abúlé apẹja kan lẹ́yìn Àgbóyì, níbi tí odò ti ń já sínú ọ̀sà. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, èmi àti Mummy Dúpẹ́ inú ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi Rájí. Mùsùlùmí ni Rájí. Yóò ti tó ẹni ogójì ọdún, Sẹ̀kínà ìyàwó rẹ̀ sì wà lára àwọn tí mo ń kọ́.

Rájí ní àbúrò kan tí ń jẹ́ Múfú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ náà. Àwọn tí ń wa yanrìn ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi ibẹ̀ jágajàga, débi pé ibi tó jìn lánàá lè di òkìtì lónìí. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ wọn sáré gun irú òkìtì bẹ́ẹ̀, Múfú sì ta sínú omi. Wọn kò rí òkú rẹ̀ títí di òní. Láti ọjọ́ náà ni Rájí kì í ti í kọrin mọ́ bó bá ń wakọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Táyọ̀ ọmọ mi, nígbà tó ń bọ̀ wálé láti òkè òkun fún Kérésì, pé kó bá mi ra ẹ̀rọ kan tí àwọn apẹja òyìnbó fi ń wá ẹja. Èmi kò wá ẹja. Ẹ̀rọ yìí máa ń sọ bí omi ṣe jìn tó, mo sì fẹ́ kí Rájí máa rí òkìtì yanrìn kó tó gùn ún. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ náà pín sí. Èkíní ni ojú rẹ̀, tí Rájí sọ ní telifíṣọ̀n. Èkejì jẹ́ nǹkan dúdú kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ìdí ọkọ̀, tí ń wà nínú omi. Ó máa ń rán ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ lọ sísàlẹ̀, á sì máa tẹ́tí sí i bó bá ń padà bọ̀. Tíránsídúsà ni Táyọ̀ pè é, ṣùgbọ́n “etí” ni èmi àti Rájí ń pè é.

Táyọ̀ ti padà síbi iṣẹ́ kí a tó rí àyè kàn án. Èmi ni mo wá jókòó sí èbúté, tí mo ṣí ìwé tó bá a wá, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún Rájí ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

“Mummy Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n kàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì níbí. Ibí ló yá jù.”

“Rárá o. Fáànù ẹ́ńjìnnì ń da omi rú níbẹ̀, ìfófò nìkan ni etí á máa gbọ́. Sún un sọ́tùn-ún.”

“Ibí ńkọ́?”

“Tún sún un díẹ̀.”

“Mummy, tí mo bá tún sún un, inú ọkọ̀ ẹlòmíì ni mo máa kàn án sí o!”

A rẹ́rìn-ín. Ó lu ihò síbi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, ó fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í wọ̀ dí ẹ̀gbẹ́ ìṣó náà, ó sì rí i pé etí náà rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìdí ọkọ̀ lọ, ó sì kọjú sísàlẹ̀ gbọọrọ. A fa wáyà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó má bàa bá wáyà bátìrì ẹ́ńjìnnì rìn pọ̀. Mo kọ́ ọ pé ní gbogbo Jímọ̀, kó máa fi àkísà rírọ̀ àti omi ọṣẹ nù ún, nítorí èérí omi kì í pẹ́ mú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, tí mo rí bí ó ṣe ń dán, mo mú ọ̀rá búrẹ́dì kan tó nípọn nínú báàgì mi, mo fi wé etí náà dáadáa, mo sì fi rọ́bà pupa dè é, bí mo ṣe wé rìmóòtù ilé mi. Rájí dúpẹ́. Ó ní omi iyọ̀ kò ní rí i bà jẹ́ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ bí aago. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá níbí, méjìdínlógún lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ bá ohun tí Rájí mọ̀ mu. Ní Sátidé kẹta, bí a ṣe wọ ọ̀sà báyìí, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han: pín, pín, pín. Nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ di mẹ́ta. Ìlà tó ń fi ìsàlẹ̀ omi hàn ti pòórá. Ohun tó kù níbẹ̀ ni nǹkan pupa kan, tó nípọn, tó tẹ́ bí ẹní lábẹ́ ọkọ̀ wa.

Rájí dá ọkọ̀ dúró. Ó mú ọ̀pá gígùn, ó tì í bọ omi títí omi fi dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò kan nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ń sọ pé nǹkan wà níbẹ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré. Ó tún wakọ̀. Nǹkan náà tẹ̀ lé wa. Ó sáré, ó sáré. Nínú pupa náà, mo rí àwọn ojú kékeré kan tó ń ṣí tó ń pa dé, bí ẹni pé nǹkan ń mí.

Ìyá Ìdáyàt, èrò kan nínú ọkọ̀ wa tó ń gbé tòmátì rẹ̀ bọ̀ láti Mile 12, na ọrùn wò ó. “Bó bá jẹ́ ẹja ni, kó gòkè wá kí n dín in. Tòmátì wà ńlẹ̀.”

A fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Rájí kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sún mọ́ra. “Mummy, ẹ wò ó dáadáa. Ènìyàn tó dùbúlẹ̀ ni.”

Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ fún oṣù kan. Sẹ̀kínà sọ fún mi pé ọkọ òun kì í jẹun mọ́. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ wà ní èbúté, Rájí á tan ẹ̀rọ náà, á jókòó tì í, á máa bá nǹkan pupa náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní kó pa ẹ̀rọ náà.

“Tí mo bá pa á, Mummy, ṣé ìyẹn á mú kó lọ?”

Ẹ̀yin ará, ẹ ó rántí pé mo kó ọ̀rọ̀ náà wá síbí, ẹ sì bá wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ni Ọlọ́run dáhùn.

Àárọ̀ Sátidé ni. Ọyẹ́ ti mú, kùrukùru sì bo ọ̀sà débi pé mo lè ka ìka ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò lè rí imú ọkọ̀. Mo dábàá pé kí a dúró di ìgbà tí oòrùn bá yọ. Rájí ní òun mọ ọ̀nà. Ó yẹ kí n ta kú. N kò ta kú, mo sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Àwa márùn-ún la wà nínú ọkọ̀: èmi, Mummy Dúpẹ́ tó fi gèlè bo ojú nítorí òtútù, Ìyá Ìdáyàt, Sẹ̀kínà, àti Rájí tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ pátápátá, tó di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀. Pín, pín, pín. Mẹ́ta. Mo wẹ̀yìn, mo rí i tí ojú Rájí kò kúrò lára nǹkan pupa yẹn. Kò wo iwájú rárá. Lójijì ó fún ẹ́ńjìnnì níná, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí omi. Ó ń sá fún un. Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.

Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ pé, “Ẹ pa á.”

Kò pariwo. Bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ kedere ju ariwo ẹ́ńjìnnì lọ. Rájí pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́, àfi pín, pín ẹ̀rọ náà. Ọkọ̀ fà díẹ̀, ó dúró. Kí n tó lè mí, ohun dúdú kan yọ nínú kùrukùru níwájú wa, ó ga bí ilé, ó sì ń kọjá lọ níbùú. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó yanrìn ni. Kò fun fèrè, kò tan iná. Àyè tó wà láàárín àwa àti òun kò ju láti ibi pẹpẹ sí ẹnu ọ̀nà ìjọ wa lọ. Mo rí ìpẹtà lára irin rẹ̀. Ó kọjá, kùrukùru sì gbé e mì. Ìgbì rẹ̀ dé, tòmátì Ìyá Ìdáyàt dà sílẹ̀, ọkọ̀ wa fì títí, kò sì dojú dé.

“Ta ló ní ká pa á?” Mummy Dúpẹ́ ló béèrè. Ó rò pé Ìyá Ìdáyàt ni. Ìyá Ìdáyàt rò pé èmi ni. Èmi rò pé Mummy Dúpẹ́ ni. Sẹ̀kínà mi orí pé kì í ṣe òun.

Rájí rọra sọ pé, “Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ọ.”

Ẹ̀yin ará mi, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Rájí. Ẹ́ńjìnnì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àti omi.

Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn jákẹ́ẹ̀tì ààbò rẹ̀. “Múfú ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹ̀ lé mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó.” Sẹ̀kínà ké, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì gbàdúrà. N kò lè sọ fún yín pé àdúrà náà gún régé. “Jésù, má jẹ́ kó lọ” ni mo ń wí léraléra. Nínú àdúrà náà, ó wá sí mi lọ́kàn pé bí ẹnì kan bá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan yìí, kó jẹ́ èmi.

“Jókòó, Rájí. Èmi ni màá wò ó.”

“Mummy, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Mo ní kí o jókòó.”

Mo rá dé ìdí ọkọ̀. Mummy Dúpẹ́ di ìró mi mú lẹ́yìn. Mo ti ọwọ́ bọ omi, mo wá a lọ sábẹ́ ọkọ̀, mo sì kàn án. Ó rọ̀. Ó tutù. Ó wú bí ikùn. Nǹkan kan wá yí padà nínú rẹ̀, lábẹ́ ìka mi.

Mo kígbe. Mo fẹ́ fa ọwọ́ mi yọ, ṣùgbọ́n nǹkan ti kọ́ ọ ní ìka. Mo fi agbára fà á sókè, mo sì wo ohun tó kọ́ mi níka. Rọ́bà pupa ni. Rọ́bà pupa tí èmi fúnra mi dè.

Ọ̀rá búrẹ́dì mi ló di àpò lábẹ́ omi. Rọ́bà ti dẹ̀, ẹnu ọ̀rá ti là, ìfófò ẹ́ńjìnnì ń wọ inú rẹ̀, ó sì ń wú. Èérí omi ti hù níbẹ̀, edé wẹ́wẹ́ àti akàn kékeré kan sì ti fi ṣe ilé. Ohùn tí etí náà ń rán jáde kò lè kọjá. Inú ọ̀rá ló ti ń padà, mẹ́ta sì ni nọ́ńbà tó kéré jù tí ẹ̀rọ náà mọ̀. Ní gbogbo Jímọ̀ ni Rájí sì ń fi omi ọṣẹ nu ara ọ̀rá náà, gẹ́gẹ́ bí tíṣà rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Mo fi ọ̀bẹ Ìyá Ìdáyàt gé e kúrò. Pín, pín náà dákẹ́. Nǹkan pupa náà lọ. Nọ́ńbà yí, ó dúró sórí mọ́kàndínlógún, ìsàlẹ̀ omi sì tẹ́ lọ kedere, kò sí nǹkankan lórí rẹ̀. Rájí wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, irú ẹkún tó yẹ kó ti sun láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti lọ.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé ẹ̀rọ náà. Páálí tí mo fi ń sàmì ṣì wà ní ojú ewé tí mo ti dúró, tí mo ní màá parí tó bá yá. Ní ẹ̀yìn ewé yẹn gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ bo ojú etí náà. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè dé òpin kí wọ́n tó dáhùn!

Mo ti rí àlàyé nǹkan pupa yẹn. N kò rí àlàyé ohùn yẹn. Rájí ṣì ń sọ pé ohùn Múfú ni, èmi kò sì bá a jiyàn, nítorí Ọlọ́run tó dá ohùn gbogbo lè lo èyí tó bá wù ú. Tí a bá dé ibẹ̀ báyìí, Rájí á pa ẹ́ńjìnnì. Kò ní wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n á sọ pé, “O ṣé o.” Á tún tan án, a ó sì máa lọ. Ní Sátidé tó kọjá, ó kọrin.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé ògo fún Ẹni tó gba ẹ̀mí márùn-ún là nínú kùrukùru. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹ ka ìwé dé òpin. Ẹ má fi ìkẹ́ bo ohun tí wọ́n ṣe kó lè gbọ́ràn. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ohùn kan ní kí ẹ dúró, ẹ kọ́kọ́ dúró ná, kí ẹ tó béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀.